Òkú Tí Ikùn Rẹ̀ Ń Mì

Ní Igbó-Ọrà, bí o bá sọ òkò sáàárín ọjà, orí ìbejì ni yóò bà. Bí ó bá ta kúrò níbẹ̀, orí ìkejì rẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí. Àwọn òyìnbó ti wá yẹ omi wa wò, wọ́n yẹ iṣu wa wò, wọ́n bu ọbẹ̀ ìlasà sínú ìgò gbé lọ sílùú wọn, títí di òní wọn ò tíì rí nǹkan gúnmọ́ sọ. Àwa náà ò rí nǹkan sọ. À ń bí wọn lọ ni. Nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí mo bá sọ pé ìbejì ni Mùkáílà tó ń fi ẹ̀rọ lọ láfún. Ohun tó ya Mùkáílà sọ́tọ̀ ni pé òun nìkan ni iwin tí gbogbo Ìbàràpá mọ̀ lójú, tó ń jáde lọ́sàn-án gangan, tó ń bá oníbàárà jiyàn pé ẹ̀gẹ́ wọn ò gbẹ dáadáa.

Fíìmù kan ló fà á. Nígbà tí Mùkáílà, tí í ṣe Kẹ́hìndé, àti Tàófíìk, tí í ṣe Táyé, ṣì jẹ́ géńdé tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ayàwòrán kan wà ní Èrúwà tó ń jẹ́ Malachi. Ọkùnrin yìí ti ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ títí ó fi sú u. Ó yá kámẹ́rà fídíò lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó ní fíìmù lòun fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ kí òkú dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, kí iwin òkú náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí àwọn méjèèjì sì wà nínú àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn olówó máa ń fi ẹ̀rọ ṣe irú idán bẹ́ẹ̀. Malachi ò ní ẹ̀rọ. Ọ̀kadà ló ní. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ wá sí Igbó-Ọrà, ó wá mú idán tí Ọlọ́run ti ṣe sílẹ̀.

Orúkọ fíìmù náà ni Ẹ Bu Tèmi Sílẹ̀. Ọkùnrin ọ̀jẹun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹyó. Jẹyó kú kí ọbẹ̀ ìlasà tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ dúró dè tó jinná. Àwọn àna rẹ̀ tẹ́ ẹ sí pálọ̀, wọ́n da aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìlasà náà lórí òkú rẹ̀. Ni iwin Jẹyó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, òwú nínú ihò imú, pọ́ńdà láti orí dé àtàǹpàkò, ó na àwo sí wọn, ó ní: "Ẹ bu tèmi sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́, Malachi ní kí Táyé ṣe Jẹyó nígbà tó wà láyé, kó sì ṣe òkú rẹ̀. Táyé fárígá.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni màá kú?"

"Ìwọ kọ́ ni Táyé ni?" Malachi ní. "Ta ló kọ́kọ́ wá sáyé nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ẹni tó kọ́kọ́ dé náà ni kó kọ́kọ́ lọ."

Kẹ́hìndé gbè é lẹ́sẹ̀. "Ṣebí èmi lẹ̀gbọ́n? Èmi ni mo rán ẹ lọ tọ́ ayé wò, kí o tó ké sí mi pé ó dára. Mo tún rán ẹ báyìí. Lọ dùbúlẹ̀."

Táyé lọ dùbúlẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bá rán níṣẹ́, kí ló fẹ́ ṣe?

Òkú ò gbọdọ̀ mira, èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Táyé ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí òwú imú ti sọ ohùn náà di ti ewúrẹ́ tó mu ọtí, ẹ̀rín gbé e. Ó di ẹnu, ó di imú, ojú rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ikùn rẹ̀ nìkan ni kò rí dì. Ikùn náà ń mì. Ó ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀, aṣọ funfun náà ń bá a jó bí ẹni pé àkèré méjì ń jà lábẹ́ rẹ̀. Malachi rí i, ó ká ọwọ́ lérí. Kò sí bí ó ṣe lè tún un yà: àwọn àna ti jẹ ìlasà náà tán pátápátá, wọ́n sì ń lá ọwọ́.

Ikùn yẹn ló sọ fíìmù náà di àìkú. Àwọn fíìmù tí wọ́n fi mílíọ̀nù ṣe ti dé, wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn. Ti Malachi kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sínú àwo CD, ó kúrò nínú CD, ó bọ́ sínú fóònù, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìgbóná. Ní Igangan, obìnrin kan tó ti di ẹrù rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ọkọ mọ́, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ló gbọ́ "Ẹ bu tèmi sílẹ̀" nínú tẹlifísọ̀n. Ó ní òun á kàn rí ibi ikùn kí òun tó máa lọ. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti bí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Èrúwà tó kọ̀ tí kò jáde nínú ìyá rẹ̀, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì tan fíìmù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ni ọmọ bá sáré yọjú wá wò ó. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Bí ẹ bá sì bi wá pé kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, a ò lè sọ. A ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lórí. A mọ ìgbà tí àkùkọ máa kọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Síbẹ̀, tó bá ti ku díẹ̀ kí ikùn mì, gbogbo ilé á dákẹ́. Òkú ń rẹ́rìn-ín. Bóyá kò sí ohun mìíràn tá a fẹ́ rí láyé yìí.

Mùkáílà jẹ adùn fíìmù náà. Kò rí kọ́bọ̀ jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn nígbà tí iwin lè bá a lọ̀ ọ́. Tàófíìk ló jẹ ìyà rẹ̀. Tàófíìk di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń bá àwọn ọmọ wí lórí ìlà láàárọ̀, ojú wọn á wà lára bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ níbi ikùn, wọ́n á máa retí. Nígbà tó lọ tọrọ Rùkáyyàh, bàbá ọmọ gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀, ó ní kò burú, ó ní kó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ná. Ó wá ṣẹlẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ kan tí ara àáfà ò yá, tí wọ́n ti Tàófíìk síwájú pé kó ṣáájú ìrun. Ó forí kanlẹ̀. Ẹnì kan nínú sàfù àkọ́kọ́ wo ikùn rẹ̀. Ìrun bàjẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́, débi pé àwọn tó wà ní ìta tí wọn ò rí nǹkan kan ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ yẹn ni Tàófíìk wá sídìí ẹ̀rọ, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun pa ẹ̀rọ náà ná.

"Kẹ́hìndé, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan."

"Owó ni?"

"Owó kọ́. Ọjọ́ tí mo bá kú, má jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Mùkáílà fọwọ́ nu ìyẹ̀fun lójú. "Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ?"

"Ìgbà wo lo ti ṣáájú mi lọ síbi kankan? Ṣebí èmi lo máa ń rán. Mò ń bẹ̀ ẹ́, Kẹ́hìndé. Mo ti ṣe òkú ẹlẹ́yà fún wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe èyí tó jẹ́ tèmi bí ènìyàn gidi. Kí ìlú dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan péré."

Mùkáílà fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wo ojú ìkejì rẹ̀, yẹ̀yẹ́ náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó búra. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín, òun á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gẹ́. Tàófíìk dúpẹ́. Bó ṣe ń lọ, ó tún yíjú padà.

"Ìwọ náà wà lára ẹnikẹ́ni o."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àyè rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń yọ Tàófíìk lẹ́nu tó Mùkáílà. Iyàrá iwájú ilé Tàófíìk, tí wọ́n ń pè ní pálọ̀, ti àlejò ni. Ẹ̀yìnkùlé ni Mùkáílà máa ń gbà wọlé, ìgbàkúùgbà tó bá sì ti yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á fi ohùn imú ké pé: "Ẹ bu tèmi sílẹ̀!" Tàófíìk á pòṣé láti inú ilé, á ní: "Kò sí tìẹ ńbẹ̀, olè!" Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Mùkáílà ò fi èyí kún ẹ̀rín tó búra lé lórí. Kì í ṣe ẹ̀rín lójú tirẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń béèrè pé "ṣé o wà ńlé" ni.

Ọdún ọ̀ún ò tíì yí po tí Tàófíìk fi kírun àárọ̀ tán, tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, tí kò sì dìde mọ́.

Ibi tí ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ìlú àwọn tí ò ní ìbejì, ẹ óò pe ẹ̀gbọ́n olóògbé, ẹ óò sọ fún un, yóò sì sunkún wá. Níbí, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. A kì í la ẹnu sọ fún ìbejì pé ìkejì rẹ̀ ti kú. Ìbejì kì í kú, ó máa ń lọ ṣẹ́gi ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe fi lélẹ̀, kí ẹni tó kù má baà gbọ́ ìpè, kó sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbààgbà ilé jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù," Rùkáyyàh, ìyàwó olóògbé, ní. Omijé ti dí i lójú.

"Ẹ jẹ́ ká ní Táyé ń pè é."

"Á béèrè pé kí ló dé tí Táyé ò fi pè é fúnra rẹ̀."

"Ẹ ní kó wá jẹun! Ta ni í bi oúnjẹ léèrè ọ̀rọ̀?"

Gbogbo ilé gbà pé ọgbọ́n nìyẹn. Wọ́n ní kí Abísọ́lá, àbúrò Rùkáyyàh, pè é nítorí pé ohùn rẹ̀ ò tíì há.

"Bàbá Mùjídàt, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ máa bọ̀ wá jẹun."

"Láàárọ̀ yìí? Kí ni wọ́n sè?"

Abísọ́lá ò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí Keturah aládùúgbò wọn tó ti gbé ìkòkò ńlá kaná ní ẹ̀yìnkùlé nítorí àwọn tó máa wá kí wọn kú àjálù.

"Ìlasà ni, sà."

Mùkáílà pa ẹ̀rọ. Kò wẹ ojú, kò gbọn ara. Ìlasà kì í dúró de ẹni tó ń wẹ̀. Bó ṣe gun ọ̀kadà gba ojú títì kọjá nìyẹn, ìyẹ̀fun láfún láti orí dé àtàǹpàkò, ìpéǹpéjú funfun, ẹ̀gàn ni hẹ̀ẹ̀. Àwọn tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń rí i, wọ́n ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń juwọ́ sí wọn.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, bí ìṣe rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nídìí ìkòkò rí i. Ọ̀kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Mùkáílà rò pé nítorí bí òun ṣe funfun ni, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Keturah, ó mà ń ta sánsán o!"

"Bàbá Mùjídàt, ẹ jọ̀ọ́..." Keturah ní, ìgbakọ dúró ní ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, ọmọ Igbó-Ọrà lòun náà. Kò lè sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́jú ná."

"Màá bọ́jú tí mo bá jẹun tán." Ó mú àwo kan lórí àwo tí wọ́n tò kalẹ̀, ó sì yà wọlé.

Nínú pálọ̀, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Àáfà ti wà lẹ́nu àdúà. Ilé kún dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí Tàófíìk ṣe fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ì bá yọ̀ sí bí kíláàsì ṣe pa rọ́rọ́. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ara funfun kan yọ, ó na àwo, ó fi ohùn imú ké pé:

"Ẹ bu tèmi sílẹ̀!"

Ẹ gbọ́, a gbìyànjú. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí wa. Ẹnì kan gé ètè ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ẹlòmíràn fi orí pamọ́ sábẹ́ agbádá ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Àáfà wà láàárín ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, ẹ̀rín gba ibẹ̀ yọ, ó sáré sọ ọ́ di ikọ́, ikọ́ náà sì tún di ẹ̀rín. Nígbà tí ẹ̀rín ti borí àáfà, ta ló kù? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn arúgbó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Eyín àtọwọ́dá bàbá kan fò jáde, ó bọ́ sínú bàtà àlejò. Rùkáyyàh fúnra rẹ̀, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wàrà, di ìhà rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń ké pé "Yéè, Ọlọ́run ò, ẹ gbà mí," ẹ̀rín ló sì ń rín. Kò sẹ́ni tí ẹ̀rín náà dùn mọ́. Ó kàn ń jáde ni, bí èébì.

Láàárín ẹ̀rín yẹn, gbogbo ojú yí sí ibì kan ṣoṣo. Ikùn. A ń wo aṣọ funfun náà. A ti rí i tó mì ní ìgbà tí kò lóǹkà. A ń retí rẹ̀.

Mùkáílà náà ń retí. Ó ti wọlé tán, ó rí ẹní, ó rí aṣọ, ó rí àáfà, ó sì rí bí gbogbo wa ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kí ni kó rò? Ó rò pé Táyé ti dáríjì fíìmù náà níkẹyìn. Ó rò pé wọ́n dìídì ṣe é láti fi yọ òun lẹ́nu padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Táyé! O tún ti gbà láti kú? Dìde, ìlasà ti jinná." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Má jẹ́ kó mì o! Malachi ò ní kásẹ́ẹ̀tì mọ́ o!"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu àwọn obìnrin. Ó kúrò lẹ́nu àáfà. Ó ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àtùpà tí epo rẹ̀ tán, títí ó fi ku ti Mùkáílà nìkan. Òun nìkan ló ń rín in, tó ń wo ikùn, tó ń dúró.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti gbọ́n báyìí," ó ní. "Kò jẹ́ kó mì."

Rùkáyyàh kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá Mùjídàt. Bàbá Aliyyah lọ ṣẹ́gi."

Mùkáílà wò ó. Àwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣẹ́gi kẹ̀? Ta ló rán an?"

Ó yíjú sí gbogbo wa.

"Mo ní ta ló rán an? Ṣebí èmi ni mo máa ń rán an? Èmi ò rán an o. Ẹ bi í. Èmi ò rán an níṣẹ́ kankan."

A sin Tàófíìk lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní etí sàárè, kò sí ọkùnrin kan tó lè wo ojú ọkùnrin kejì.

Ìtìjú nìkan kọ́ ni a bá bọ̀ láti ibẹ̀. Abísọ́lá ti ń fi fóònù ya àdúà àáfà fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà ní Sáúdí kó tó di pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Kò rántí pa á, àwọn ará Sáúdí sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará Èkó, àwọn ará Èkó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Kí a tó fọ ọwọ́ wa, ó ti dé orí fóònù ọlọ́kadà tó gbé Mùkáílà wálé.

"Abísọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́, pa á rẹ́."

"Mo ti pa á rẹ́, sà."

"Kí ló wá dé tí mo ń gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ènìyàn?"

Abísọ́lá ń sunkún. "Bó bá ti jáde, sà, kò ṣe é dá padà mọ́."

"Bíi ti Táyé náà nìyẹn," Mùkáílà ní, ó sì fi í sílẹ̀.

Ó gbọ̀nà Èrúwà lọ bá Malachi. Ó fẹ́ kó gba fíìmù náà padà lọ́wọ́ aráyé. Malachi ti di arúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ń tẹ́ ike sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Mùkáílà, èmi gan-an ò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Wọ́n yá kásẹ́ẹ̀tì tèmi, wọn ò dá a padà. Láti ìgbà yẹn, ayé ló ni ín. Bí mo bá fẹ́ wò ó, ọmọ ọmọ mi ni mo máa ń bẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí Táyé, ẹkún àgbà tí kò ní ariwo. Láàárín ẹkún náà ló gbójú sókè. "Ṣé ikùn rẹ̀ ò mì?"

"Kò mì, ọ̀gá."

"Kò mì rárá?"

"Mo wò ó títí, ọ̀gá. Kò mì."

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, a ṣe fídáù. Àwọn ènìyàn wá láti ibi tí a kò mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò mọ Tàófíìk lóyún, tí wọn ò mọ̀ ọ́n lọ́mọ, tò lẹ́yìn Mùkáílà pé kó jẹ́ káwọn ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ pàápàá. "Ẹ bá wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá. Kó jẹ́ pé a kàn gbọ́ ọ." Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n yà á bó ṣe ń mi orí.

Ìgbà yẹn ni Aliyyah wá fà á lọ́wọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aliyyah ni àkọ́bí Tàófíìk, ilé ọkọ rẹ̀ jìn, wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ kó tó dé.

"Bàbá, mi ò rí ojú wọn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Mo ti wá gbogbo inú fóònù mi. Ẹ ẹ̀ rí i pé wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwọn? Láti ọjọ́ fíìmù yẹn, tí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ. Mi ò ní ohùn wọn kankan." Ó mú fóònù jáde. "Èyí nìkan ló kù."

Mùkáílà rí orúkọ fíìmù náà lójú fóònù. Ó fà sẹ́yìn. "Mo búra fún bàbá ẹ."

"Ẹ ò ní rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò ní rẹ́rìn-ín. A kàn fẹ́ wò wọ́n ni."

Wọ́n jókòó sórí ẹní. Fóònù kékeré, àwọn méjèèjì fi orí kan orí. Tàófíìk yọ, géńdé, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, ó ń pariwo pé ta ló fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀ òun. Aliyyah mí kanlẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́lẹ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Jẹyó kú. Wọ́n da aṣọ bò ó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Mùkáílà ọjọ́un wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mùkáílà tòní ò wo ara rẹ̀. Ikùn ló ń wò.

Ikùn mì.

"Ó mì," ó ní. Ó di ọwọ́ Aliyyah mú. "Ó mì! Dá a padà."

Aliyyah fi àtàǹpàkò fà á padà. Aṣọ funfun, ohùn imú, ikùn.

"Tún un dá padà."

Ó tún un dá padà. A ti ń gbá jọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń na ọrùn, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èémí kan bọ́ lẹ́nu Aliyyah tí kò jọ èémí. Ẹ̀rín gba imú ẹnì kan lẹ́yìn wa yọ. Mùkáílà yára, ó gbá etí agbádá rẹ̀ mú, ó fà á bojú pátápátá, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ẹní kí a má baà rí i.

Agbádá funfun ló wọ̀ wá síbi fídáù.

A ò rí ojú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó ń mì. Ó ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀, aṣọ náà ń bá a jó. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó láyà láti béèrè. A kàn dúró, ọwọ́ wa lẹ́nu, ikùn tiwa náà ń ṣe ohun tó wù ú.

Rùkáyyàh gbé oúnjẹ dé. Àwo méjì ló wà lórí tíréè, bó ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ fún wọn látìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó rí àwo kejì lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló bù ú. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ náà, ó sì gbàgbé láti dìde.

"Aliyyah," ohùn kan wá láti abẹ́ aṣọ. "Dá a padà."